Eyín Ilé Wa àti Omi Àpáta

Ẹni tó bá wọ ilé wa ní Ìwó kò ní í jókòó pẹ́ kó tó rí i pé eyín gbogbo wa ló pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán, tó máa fi omi yọ ẹnu kó lọ. Ó ti wọnú eyín lọ ni. Tàwọn kan ní ilà funfun tíntìntín láàárín, tàwọn kan dúdú létí, tèmi sì rí bí ilẹ̀ yangí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àlejò tí kò mọ̀ wá máa ń rò pé áásà la fi ń ṣe oúnjẹ. Èyí tó bá lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nínú wọn á ní, "Ó jọ pé ẹ fẹ́ràn obì nílé yìí o." A kì í jẹ obì. Àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa.

Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ilé, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìyá mi ní kí n lọ bu omi mu. Kànga tí mò ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n nawọ́ sí.

Àpáta náà kò ga tó èyí tí ènìyàn ń gùn láti wo ìlú, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gba abẹ́ ilé àwọn ará ilé kejì kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó parí sí nínú ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú. Orí rẹ̀ làwọn obìnrin ń sá ẹ̀lùbọ́ sí, àwọn ewúrẹ́ sì ń sùn síbẹ̀ nítorí pé oòrùn ọ̀sán kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó là, omi sì ń sun jáde níbẹ̀. Àwọn baba wa gbẹ́ ibẹ̀ jìn, wọ́n to òkúta yí i ká, ó di kànga. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí kànga gbogbo àdúgbò bá ti di ẹrẹ̀, tiwa ṣì ń mú omi wá, ó tutù, ó mọ́ gaara. N kò ní í parọ́ mọ́ ọn: omi náà dùn.

Ewé méjì ló ń hù lára àpáta yìí tí ìyá mi kì í fi ṣeré. Àbámọdá ń hù níbi tó sán, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, nítorí pé ewé rẹ̀ ki, ó ń fi omi pamọ́ sínú ara. Rinrin ní tirẹ̀ kì í kúrò létí kànga, níbi tí omi ti ń ta sí òkúta láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní jọ́gíráfì, tí mo bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé òkúta ló ń yan ewé tí yóò hù lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ilé wa ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá mi kò nílò jọ́gíráfì kankan. Lójú tiwọn, àpáta ló bí ewé, àpáta ló bí omi, nítorí náà omi yẹn nìkan ló lè jẹ́ kí ewé yẹn ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ń se àgbo ibà, wọ́n fi ń se àgbo inú rírun, wọ́n sì ń fi se àgbo eyín, èyí tí ọmọ ilé wa kọ̀ọ̀kan ń mu láti ìgbà tí èrìgì rẹ̀ bá ti ń yún un títí tó fi máa tó lọ sílé kéwú. Ìyá mi ló ń se é fún gbogbo ilé. Kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tí kò mu nínú ìkòkò wọn, èmi náà kò sì yọ sílẹ̀.

Bí àgbo bá ti ń hó lórí iná, ìtàn náà á bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun, kí ilé wa tó di ilé, ìyá ńlá wa kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá wọ inú ibi tí àpáta là. Àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ń káàkiri lóru, ògùṣọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá na ògùṣọ̀ sí, ìbáà ṣe ihò tàbí igbó, eyín àwọn tó sá pamọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè pa ẹnu dé. Bí wọ́n ṣe kó àwọn ará ìtòsí lọ nìyẹn. Ìyá ńlá wa bá bẹ Ọlọ́hun. Bí àwa Mùsùlùmí inú ilé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ìbátan wa tó ṣì ń gbé oko, tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà, ní àpáta gan-an ló bẹ̀. Omi sun jáde lára òkúta, àwọn ọmọ mu ún, àpáta sì fi àwọ̀ ara rẹ̀ kun eyín wọn. Nígbà tí ògùṣọ̀ dé ẹnu ihò, òkùnkùn nìkan ni àwọn ọ̀tá rí. Wọ́n yí padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ arẹ́rìn-ín-lóru-ọ̀tá-ò-rí.

Mo ti bi ìyá mi rí pé, "Ìyá, ṣé ọjọ́ kan ni eyín fi ń pọ́n ni? Ọmọdé ló gbọ́dọ̀ ti máa mu omi yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì wà nínú èrìgì. Eyín tó bá ti hù tán kì í pọ́n mọ́. Ọdún mélòó ni wọ́n lò nínú ihò yẹn?"

"Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Èmi náà ò sí níbẹ̀. Mú igi wá, iná ń kú."

Ohun tó wà nínú omi náà kì í ṣe àdììtú. Irú òkúta tó wà lábẹ́ wa ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní flúóráìdì. Bí omi bá ti pẹ́ nínú òkúta bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni èròjà náà ń yọ́ sínú rẹ̀. Tó bá kéré, ó ń mú eyín le. Òun náà kúkú ni wọ́n ń kọ sára páálí ọṣẹ ìfọyín. Tó bá pọ̀ jù fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì hù, á ba àwọ̀ eyín náà jẹ́, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó máa bó o. Orí òkúta la kọ́lé sí, inú òkúta la ti ń mumi, òkúta náà ló wá wà lẹ́nu wa. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn, láìsí ogun, láìsí ògùṣọ̀.

Mo tilẹ̀ pàdé tíṣà kan tí a jọ ṣiṣẹ́, tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní abúlé kan lọ́nà Olúpọ̀nnà. Àpáta wà lẹ́yìn ilé tiwọn náà, eyín wọn sì pọ́n bíi tiwa. Ìtàn tiwọn ni pé baba ńlá wọn jí obì òrìṣà jẹ, òrìṣà sì fi àwọ̀ obì náà sí i lẹ́nu, tòun ti àwọn ọmọ tó máa bí. Inú mi dùn débi pé ọ̀kadà ni mo gùn wálé kí n lè tètè sọ fún ìyá mi. Òkúta kan náà, eyín kan náà, ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Ṣé wọ́n wá rí i báyìí pé òkúta ló ṣáájú ìtàn? Ìyá mi rò ó dáadáa, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè.

"Olè ni baba ńlá tiwọn," ni wọ́n wí. "Ọlọ́hun mà yọ wá o."

Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó ń bo ẹnu. Àwọn ìyá wa máa ń rẹ́rìn-ín débi tí ẹ máa rí ọ̀nà ọ̀fun wọn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ títí mo fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, níbi tí ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá ti bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá mo tilẹ̀ ń fọ ẹnu. Mo ń fọ̀ ọ́. Mo fi pákò họ ọ́, mo fi eérú bó o, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, títí èrìgì mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti máa ń gòkè fúnra rẹ̀ tí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó mi, mo pa ètè dé bí ẹni tí wọ́n fipá fà wá síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ mí ní Tíṣà-Kì-í-Rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Inú àtẹ́lẹwọ́ mi ni mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Ìbàdàn la wà, nílé ọkọ mi, nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, omi ẹ̀rọ ló sì mu dàgbà. Eyín rẹ̀ funfun. Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń ṣe àwàdà tí kò dùn kó lè rẹ́rìn-ín, kí n lè wo ẹnu rẹ̀. Kò tíì dàgbà púpọ̀ tí wọ́n fi yọ eyín inú kan fún un nílé ìwòsàn, kòkòrò ti jẹ ẹ́ dé ìdí. Ìyá mi, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, tí wọ́n ṣì ń fi eyín fọ́ egungun ẹran, kò jẹ́ kí n gbádùn létí.

"Èyí tó funfun náà rèé," ni wọ́n ń wí. "Ó funfun, ó funfun, ó ti bọ́."

Òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Èròjà kan náà tó kun eyín wa ni kò jẹ́ kó tètè jẹrà. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní gbogbo ohun tí ìyá mi ń sọ ni kò tọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán tipẹ́.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí mo sì fẹ̀yìn tì, mo padà sílé bàbá mi ní Ìwó láti wà pẹ̀lú ìyá mi. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin mi bí ọmọbìnrin tirẹ̀, iṣẹ́ báńkì kò sì jẹ́ kó ráyè tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún kan, ìyá rẹ̀ gbé e wá fún mi pé kí n bá òun tọ́ ọ títí yóò fi gbọ́n díẹ̀. Mo gba ọmọ náà mọ́ra. Èrìgì ń yún un, itọ́ ń dà sí mi láyà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ìyá mi ti ń wá ìkòkò.

Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní í mu omi àpáta. Kò sí ohun ńlá mìíràn tí mò ń fẹ́ fún un. Mo kàn fẹ́ kó lè la ẹnu rẹ́rìn-ín níbikíbi tó bá dé láyé, láìro ẹni tó ń wò ó.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá gbogbo ilé ṣe é. Olóṣèlú kan tó ń wá ìbò ní òun fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù fún wa. Mo lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ilé, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí, kó jìnnà sí àpáta, kí wọ́n sì yẹ omi náà wò ká tó máa mu ún. Mo ṣàlàyé flúóráìdì fún wọn bí ìgbà tí mo wà ní kíláàsì. Olórí ilé wa, ààfáà tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, gbóríyìn fún mi, wọ́n sì ṣàdúà fún mi gidigidi. Nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ dé, àwọn àgbà yìí kan náà mú wọn lọ tààrà sí ìdí àpáta. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ibẹ̀ le jù, ẹ̀rọ òun lè bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n se oúnjẹ fún un. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì wò mí tìyanutìyanu.

"Tí omi bá jìnnà sí àpáta," olórí ilé wí, "kí la ó máa fi se àgbo?"

Ẹ̀rọ náà pariwo títí etí wa fi di. Ó gba inú òkúta lọ sísàlẹ̀, níbi tí omi ti pẹ́ lára òkúta ju ti kànga lọ. Nísinsìnyí, omi àpáta ti ní ẹnu ẹ̀rọ, ó ń dé ẹnu ọ̀nà ilé, ẹnikẹ́ni kò ní í fà á mọ́. Wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe àdúà ìdúpẹ́, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ omi wá síwájú ìpàdé. Mo lọ. Mo ń ṣe àmín, mo ń wa eyín pọ̀.

Ó wá ku òjò. Mo ra dírọ́ọ̀mù ńlá ńlá, mo ní kí wọ́n to páìpù sí etí òrùlé, omi òjò sì ń wọnú dírọ́ọ̀mù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, píọ̀wọ́tà ni mò ń rà, mo ń kó o sínú kẹ̀kẹ́ láti ọjà wálé bí ẹni tó ń ṣòwò rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé á ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Màmá, ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ?"  Ìyá mi kàn ń wo àpò omi ọ̀rá náà bí wọ́n ṣe ń wo àlejò tó wọlé tí kò kí ènìyàn.

Orí àgbo eyín la ti jà. N kò lè ní kí ìyá mi má se àgbo fún ọmọ náà rárá, ìyẹn ì bá dà bí ìgbà tí mo lé wọn jáde nílé. Àdéhùn wa ni pé omi òjò ni wọ́n máa lò, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi òjò kan kalẹ̀ sí ilé ìdáná wọn. Àgbo ń jáde lójoojúmọ́. Omi inú kẹ́ẹ̀gì náà kò sì fà. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo wá rántí ọṣẹ. Omi òjò máa ń hó lọ́gán tí ọṣẹ bá ti kàn án. Omi àpáta wa kì í hó bọ̀rọ̀, ohun tó kó bọ̀ láti inú òkúta kì í jẹ́ kí ọṣẹ rójú. Ẹ ó ra ọwọ́ títí, nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ lásán lẹ máa rí. Bí èmi, obìnrin tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣe lúgọ sí ilé ìdáná ìyá mi lọ́sàn-án gangan nìyẹn, tí mò ń da omi kẹ́ẹ̀gì náà sọ́wọ́, tí mò ń fi ọṣẹ ra á. Kò hó.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí.

"Ìyá, ẹ tàn mí."

"Mi ò tàn ọ́. O ní kí n fi omi òjò sí i, mo fi sí i. Mo wá fi omi tó ń ṣiṣẹ́ kún un."

Mo pariwo. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fi mí ṣe ni, bóyá wọ́n fẹ́ kó máa pa ẹnu dé káàkiri ayé nítorí ìtàn ìdí ààrò. Ìyá mi kì í sunkún. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó sórí àpótí, omi lé ròrò sí wọn lójú.

"Tíṣà," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn tí inú wọn ò bá dùn sí mi. "Àwọn ajínigbé ń bẹ lójú ọ̀nà. Rédíò ò sinmi ẹ̀. Wọ́n ń kó ọmọ iléèwé wọ igbó lọ. Tọ́jọ́ bá wá burú, tí ọmọ yìí sá pamọ́ síbì kan, tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ni wọ́n máa rí?"

 Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rò pé agídí ló ń ṣe ìyá mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n gba ògùṣọ̀ yẹn gbọ́ bí èmi ṣe gba flúóráìdì gbọ́. Ẹ̀rín ọmọ náà ni mò ń jà fún, ẹ̀mí rẹ̀ ni ìyá mi ń jà fún. Ẹ sọ fún mi bí ènìyàn ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Inú ṣì ń bí mi, mo wá tún ń káàánú wọn, ó sì rẹ̀ mí ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

A tún àdéhùn ṣe. Èmi fúnra mi ni n ó máa bu omi òjò sínú ìkòkò, lójú wọn. Ní tiwọn, wọ́n ní tí eyín ọmọ náà kò bá ní í jẹ́ àmì, àfi kí àpáta mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ sí ìdí àpáta, kí wọ́n gbo rinrin sí i lórí, kí wọ́n sì kì í ní oríkì ilé wa létí òkúta náà. Mo gbà. Ewé tó wà lórí kò lè kun eyín. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé ọmọ lọ kí òkúta nìyẹn, èmi tíṣà jọ́gíráfì, tí mò ń wojú ọ̀nà kí ẹni tí mo kọ́ rí má lọ kọjá níbẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Èmi àti òjò, èmi àti píọ̀wọ́tà. Ọmọ náà dàgbà, ó ń sáré lórí àpáta, kò mu nínú omi rẹ̀. Nígbà tí eyín àkọ́hù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ìyá mi ní ká jù ú sínú ibi tí àpáta sán, mo ní ká jù ú sórí òrùlé bíi ti gbogbo ayé. A jù ú sórí òrùlé. Ó yí wálẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ sórí àpáta. Ìyá mi kàn wò mí.

Lẹ́yìn náà ni eyín tuntun yọ, méjì iwájú lókè, èyí tí ènìyàn ń bá dọ́jọ́ alẹ́. Mo fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè lójú fèrèsé. Ó funfun báláú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n kú fún, ọmọ náà ń bi mí pé ṣé eyín òun bàjẹ́ ni. Mo ní rárá, ó dára, ó dára gan-an ni.

Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí Wáásáàpù. Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè, ó bo ẹnu. Mo ní kó gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, kò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ṣe àwàdà, ẹ̀rín dé, ọwọ́ dé. Mo ya á títí iná fóònù mi fi fẹ́ẹ̀ kú, àtẹ́lẹwọ́ ló kún inú rẹ̀. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá rẹ̀ fèsì láti Ìbàdàn pé, "Màmá, eyín dà? Ṣé ó ń dùn ún ni?"

Orí mi gbóná. Mo mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí omi kò ṣeé lò mọ́, ìyá mi ti lọ kọ́ ọmọ náà kó máa fi ọwọ́ bo eyín funfun rẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí i. Gbogbo dírọ́ọ̀mù yẹn, gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ pẹ̀lú àpò omi lórí itan, kí ọmọ náà lè wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jalè! Mo bọ́ síta. Ìyá mi wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọmọ náà sì ti tẹ̀ lé mi jáde, ó jókòó tì wọ́n.

"Ìyá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kọ́ ọmọ yìí kó máa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ rò pé mi ò ní í mọ̀."

Ìyá mi gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí mi ò bo ẹnu fún ẹnikẹ́ni rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Wò mí dáadáa." Wọ́n la ẹnu. Mo wò wọ́n. Òótọ́ ni.

"Ta wá ni?"

"Bi í. Ṣé kò lẹ́nu ni?"

Mo yíjú sí ọmọ náà, ìbínú ṣì wà lóhùn mi. "Ta ló ní kí o máa fi ọwọ́ bo ẹnu tó o bá ń rẹ́rìn-ín?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò yé e. "Kò sẹ́nì kankan. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni, Màmá? Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin máa ń ṣe."

Ó sì ṣe é. Ó yí orí sí òsì díẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ìka kékeré na síta, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Èmi nìyẹn. Mo rí ara mi láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, mo kéré, eyín mi sì funfun.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà sórí ẹní, gbogbo eyín pípọ́n wọn wà níta láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi, ẹ̀rín sì tún ń bọ̀. Ọwọ́ mi ti ń gòkè. Mo fà á sílẹ̀, mo tì í sábẹ́ itan, mo sì jókòó lé e.

Ẹ̀rín náà jáde bẹ́ẹ̀, láìsí ohun tó bò ó.  Ọmọ náà dìde, ó wá dúró síwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé mi lórúnkún, ó tẹ orí sílẹ̀, ó ń wo inú ẹnu mi. Láti ọmọ ọdún kan ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi.

"Màmá," ló wí, inú rẹ̀ dùn, "mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní eyín pípọ́n!"